Ọkọ̀ Ẹni Méjì

Ẹsẹ̀ méjì ni Moráyọ̀ kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan tí kò lórùlé, níwájú ilé ìyá òyìnbó kan ní Thamesmead East, ní London, nínú bàtà dúdú àti ṣòkòtò àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì. Wọn ò mì rárá. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni Moráyọ̀ ń ṣe, kò sì lè rí ẹni tó nà gbalaja kó kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù.

"Jésù," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú síbí."

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ọkọ̀, Yorùbá tó já gaara. "Mi ò kú o, Auntie. Ìpẹtà tó wà lára irin rẹ̀ ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ọwọ́ yín gbóná."

"Ta ni Auntie yín?" Moráyọ̀ sọ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni sọ iṣu gbígbóná.

Bí Ṣùpọ̀, dérẹ́bà bọ́ọ̀sì, ṣe yọ jáde nìyẹn, tìpẹtà-tìpẹtà níwájú orí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá ó rẹwà. Èmi tí mò ń kọ èyí, tí mo ti di ìyá àgbà, bí wọ́n bá ní kí n wọ irú ọkọ̀ yẹn, panápaná ni wọn ó pè kí wọ́n tó rí ìdí mi yọ jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí irú ẹ̀rín yẹn, mà á wọ̀ ọ́.

MG ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1972. Ọkọ ìyá òyìnbó náà ló ni ín kó tó kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ páùn ni ìyá náà ń bèèrè, ó sì ti gbà láti dúró de Ṣùpọ̀. Ọdún kejì rèé tí Ṣùpọ̀ ti ń ṣètò rẹ̀. Ó mọ iye tí ìnṣọ́ránsì máa gbà, iye tí mẹkáníìkì máa gbà, iye tí wọ́n ń háyà gáréèjì ní South Thamesmead. Nítorí ọkọ̀ yẹn, kò ra ẹran. Ó ra mọṣíìnì, ó ń gẹ irun orí ara rẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ sì dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀.

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni Moráyọ̀ ń wọ̀ lọ sí Woolwich, kò sì pẹ́ tó fi ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì tó yí dérẹ́bà ká. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á lọ bá ìyá òyìnbó náà fọ ọkọ̀, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á máa jẹ pọfupọ́ọ̀fù.

"Ṣé eléyìí náà wà nínú budget?" Moráyọ̀ á bèèrè.

"Pọfupọ́ọ̀fù wà níbẹ̀. Ìwọ ni kò sí níbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ìwọ lo ba gbogbo ìṣirò mi jẹ́."

Ìyá Moráyọ̀ ní Ìkirè ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ hàn án lórí fóònù.

"Ẹni mélòó ló ń gbà?"

"Méjì, Mummy."

"Níbo lèmi fẹ́ jókòó? Orí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì? Ọmọ ńkọ́? Ọkùnrin tó ra ọkọ̀ ẹni méjì, kò ní ẹbí lọ́kàn. Mi ò tíì gbà o."

Síbẹ̀, ìjọ gbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Woolwich, alàgbà kéde pé Ṣùpọ̀ àti Moráyọ̀ ń múra ìgbéyàwó. Auntie Fẹ̀hìntọlá, tó ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ, gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Oṣù yẹn gan-an ló kan Ṣùpọ̀ láti kó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ páùn tó fẹ́ fi ra ọkọ̀. Auntie kò bi í. Ó gba nọ́ńbà ìyá Moráyọ̀, ó fi owó náà ránṣẹ́ sí Ìkirè.

"Mo ti bá ẹ san owó orí," ló wí fún Ṣùpọ̀ ní Mọ́ńdè. "Ọkùnrin tó ń gbéyàwó, kí ló tún fẹ́ fowó rà? Kí ìwọ náà má baà ná an."

Ṣùpọ̀ ní kò burú, ó dúpẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìyá òyìnbó náà dá fún un láti wá san owó ọkọ̀. Ẹlòmíì láti Kent ti ń bọ̀ wá wò ó. Ta ló máa dójú ti àgbàlagbà? Ta ló máa pe ìyá ìyàwó pé kó dá owó padà? Ó pa ẹnu dé. Ó sì pa á dé mọ́ Moráyọ̀ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gbé fóònù. Auntie Fẹ̀hìntọlá fúnra rẹ̀ ló fi ìgbéraga sọ ọ̀rọ̀ náà fún Moráyọ̀, ọmọbìnrin náà sì sá lọ bá Ṣùpọ̀ lásìkò ìsinmi rẹ̀, ní gbàgede Woolwich.

"Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ láti Mọ́ńdè." Ó ti padà sí ‘ẹ’ tó lò fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ṣùpọ̀ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Ọkọ̀ lásán ni, Moráyọ̀. Jẹ́ kó lọ."

"Irọ́ ni. Títí ayé lẹ ó máa wò mí bí ohun tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Mi ò lè bá irú ojú bẹ́ẹ̀ gbélé."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ìyá ẹ?"

"Òótọ́. Bí ẹ ò bá lè pè é, ẹ má pe èmi náà mọ́."

Ó na fóònù sí i. Ó ti ń dún.

Ojú ìyá Moráyọ̀ yọ lórí fóònù. Ṣùpọ̀ dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta gbàgede náà tàyà-tàyà nínú aṣọ iṣẹ́. Àwọn tó ń kọjá yà fún un.

"Mummy, owó yẹn, owó ọkọ̀ ni. Èmi kọ́ ni mo fi ránṣẹ́."

Ìyá náà gbé fóònù súnmọ́ ojú.

"Ọkọ̀ ẹni méjì yẹn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Sọ òótọ́."

"Mummy, ọgọ́rin èèyàn ni mò ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì mí. Mo fẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá mi wọ̀ ọ́, kí ẹni náà sì jẹ́ Moráyọ̀."

Ìyá náà fi etí ìró nu ojú. "Ẹ̀rù ti ń bà mí. Owó tó pọ̀ báyẹn, mo rò pé ọmọ mi ti kó sọ́wọ́ ọlọ́ṣà. Owó orí ni mo wá pè é. Nílé wa, ọjọ́ ìdána la máa ń dá owó orí padà, torí a ò ta ọmọ. Mo máa dá a padà báyìí. Dìde, aṣọ òyìnbó ti ń dọ̀tí."

Ní Sátidé, ìyá òyìnbó náà bèèrè orúkọ ẹni tí òun máa kọ sí ìwé ọkọ̀.

"Moráyọ̀," ni Ṣùpọ̀ wí.

"Mi ò ní láísẹ́ǹsì."

"Èmi ní. Èmi ni mo máa máa gbé ẹ kiri."

"Títí dìgbà wo?"

"Dìgbà tí o bá ní kí n dúró."

Moráyọ̀ wọnú ọkọ̀, ó jókòó tì í, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé," ni ó wí.