Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Tú Wò

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 1988, Ebenezer Adéríbigbé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe gíláàsì náà. Ojú gan-an ló ń ṣókùnkùn. Dókítà ti sọ pé àìsàn tó ń jẹ ojú láti inú ni, pé bóyá ló fi máa tó ọdún méjì tí kò ní í lè kàwé mọ́.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìlélógún ló fi ń ti agboolé dé agboolé, tó ń kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn afíngbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ sílẹ̀: orúkọ ọ̀bẹ wọn, orúkọ ọnà wọn, ohun tí wọ́n máa ń sọ bí awọ bá kọ̀ tí kò rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ ọ́ fún un ti kú. Ìwé àjákọ mọ́kànlélógójì ló kọ kún. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá láyé, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó di ìwé títẹ̀ kí ojú náà tó lọ.

Morẹ́nikẹ́, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Òun ló ní kí bàbá òun fi owó ìfẹ̀yìntì ra kọ̀ǹpútà, àmọ́ kì í ṣe èyí tó kàn rí.

“Bàbá, àwòrán ọnà igbá wà nínú iṣẹ́ yín, àmì ohùn wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ sì fẹ́ kí lẹ́tà tóbi kí ẹ lè rí i. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára ò lè gbé e. Mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yàn.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, inú ẹ̀rọ ló máa ń wà. Gbogbo nǹkan yòókù, orí ẹ̀ ni wọ́n ń kì í mọ́. Bí ìyẹn ò bá dáa, bójú ẹ̀rọ dán bíi dígí, asán ni.”

“Ìpìlẹ̀ ilé nìyẹn,” ni Bàbá wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Morẹ́nikẹ́ kọ ohun tí wọn yóò rà sínú ìwé: kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní tírí-éètì-síìsì, tó lágbára jù nígbà náà, kó jẹ́ tuntun, kí mẹ́mọ́rì rẹ̀, ìyẹn àyè tó fi ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, jẹ́ mẹ́gà mẹ́rin, kí bátìrì tó ń pa ọjọ́ àti aago mọ́ jẹ́ èyí tí wọn ò tíì lò rí. Ó fi ìwé náà àti owó lé Ọlọ́runṣògo lọ́wọ́ kó bá wọn rà á l'Ékòó. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ó ń fi mọ́tò kó èrò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Èkó, ó sì jẹ́ Aládùúrà tí kì í pa ọjọ́ ìsìn jẹ. Morẹ́nikẹ́ ní òun fẹ́ bá a lọ. Títílọlá ìyá rẹ̀ ní kí ló fẹ́ lọ ṣe, ṣé àbúrò òun ò mọ̀wé kà ni?

Lọ́jọ́ Tọ́sídeè, Ọlọ́runṣògo gbé páálí ńlá dé. Gbogbo ilé bú sí ayọ̀. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ kí i, àmọ́ ó ti mú irin ìtúnọ́ọ̀tì dání.

“Bùọ̀dá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tú ẹ̀yìn ẹ̀ wò kí ẹ tó padà s'Ékòó, tí nǹkan kan ò bá pé, ẹ ó lè bá wa dá a padà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni.”

Ojú Ọlọ́runṣògo yí padà. “Tú u wò? Ṣé mo jí nǹkan inú ẹ̀ ni?”

“Morẹ́nikẹ́!” Títílọlá ti fò dìde. “Omi tútù ò tíì kan ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, o fẹ́ yẹ ẹrù ẹ̀ wò bí aṣọ́bodè? Ṣé ilé wa lo ti kọ́ ìyẹn?”

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́n, mo ti sọ pé ọ̀gá ilé ìwé ni. Àmọ́ ọgbọ́n wà, ojú àna sì tún wà.

“Gbé irin yẹn sílẹ̀,” ni Bàbá wí. “A kì í tú ẹrù lójú ẹni tó bá wa gbé e. Dúpẹ́ lọ́wọ́ bùọ̀dá ẹ.”

“Tó bá lọ tán ńkọ́, sà?”

“Ká tú u lẹ́yìn ẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ.”

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúpẹ́, ó tún tọrọ àforíjì lórí ohun tó tọ́ kó ṣe. Báyìí la ṣe ń fi ẹ̀kọ́ ilé ra ìyà sílé.

Ẹ̀rọ náà tàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ láràárọ̀ tí wọ́n bá tàn án, yóò kọ ọ́ sójú pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 ni.

“Bàbá, bátìrì inú ẹ̀ ti kú nìyẹn. Bátìrì tuntun kì í kú lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀rù ń bà mí pé pátákó náà ti gbó.”

“Kàlẹ́ńdà ìjọ wà lára ògiri,” ni Bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ kọ́ ni yóò sọ ọdún tí a wà fún mi.”

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn lẹ́tà á ṣàdédé yí padà, àwòrán igbá á já sí méjì, Morẹ́nikẹ́ á tún un tẹ̀. Bí ìwé àjákọ kan bá ti wọnú ẹ̀rọ tán, Títílọlá á kó o fún Ràmọ́tà alákàrà kó fi máa di ọjà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ òun ti wà níbi tí ikán ò lè dé. Morẹ́nikẹ́ náà ò bá wọn jiyàn, nítorí ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sórí díìsìkì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pa mọ́, ìwé kan sí díìsìkì kan, ó rò pé ìyẹn tó.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1989, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn atẹ̀wé, ẹ̀rọ náà ò tàn mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ Káyọ̀dé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Takie. Káyọ̀dé tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

“Ẹ wá wò ó, Bàbá.” Ó rántí pé ojú Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tó ti dípẹtà. “Bátìrì ló da omi sílẹ̀ níbí, omi ẹ̀ ti jẹ àwọn ọ̀nà tí iná ń gbà lórí pátákó. Ọdún díẹ̀ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oṣù. Àlòkù ni.” Ó ṣí ìlẹ̀mọ́ kékeré kan kúrò lórí rẹ̀. “Ìwé irọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Tírí-éètì-síìsì kọ́ nìyí, èyí tó kéré sí i ni. Mẹ́gà kan péré ni mẹ́mọ́rì ẹ̀.”

“Díìsìkì ńkọ́?” Morẹ́nikẹ́ kó wọn jáde nínú àpò rẹ̀.

Káyọ̀dé kì wọ́n sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mọ́kànlélógójì, mẹ́ta ló ṣeé kà. Ìyókù kàn jẹ́ àmì jágbajàgba. “Pátákó yìí náà ló kọ ọ́ síbẹ̀,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ohun tó ti bà jẹ́ ló ń tọ́jú fún yín. Ká ní ẹ tú u lọ́jọ́ tí ẹ rà á ni.”

Nígbà tí wọ́n padà dé Ọ̀yọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè é, Ọlọ́runṣògo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ẹni tó tà á fún òun ní bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, èyí kò wọ́n tó tuntun, táyà mọ́tò òun sì ti jẹ tán, òun fi owó tó ṣẹ́ kù ra òmíràn. “Bàbá, mi ò mọ̀ pé inú ẹ̀ ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí.”

“Dìde,” ni Bàbá wí. “Ìwọ parọ́ fún mi. Àmọ́ èmi ni mo ní kí wọ́n má tú u.”

Wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ Ràmọ́tà. Àkàrà ti kó gbogbo ìwé lọ.

Kí ọyẹ́ tó dé, ojú Bàbá ti lọ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Títílọlá ra àkàrà wálé lọ́wọ́ Ràmọ́tà, ewé ìwé kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ló sì fi dì í. Bí Bàbá ṣe fọwọ́ kan bébà tí wọ́n fi dì í, ó dá ọwọ́ dúró. Ó mọ bébà náà.

“Morẹ́nikẹ́, ka èyí fún mi.”

Òróró ti mu ún, àmọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ni. Ó kà á pé: “Bí awọ bá kọ̀ tí kò rọ̀, àwọn àgbà oníṣẹ́ awọ máa ń sọ fún un pé...” Ó yí bébà náà wò lẹ́yìn. “Ó ti ya níbẹ̀, sà.”

Bàbá ronú títí. “Mi ò rántí mọ́,” ni ó wí. “Ẹni tó sọ ọ́ fún mi náà ti kú.” Ó sunkún níṣojú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má bá mi dárò, ẹ gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, ẹ sì ní kí wọ́n tú u níṣojú yín, kí ẹ wo pátákó inú rẹ̀ bóyá ó ṣì mọ́ tónítóní tàbí ó ti dípẹtà. Bí ẹ̀rọ ò bá mọ ọjọ́, ẹ wádìí rẹ̀ kíá. Ẹ má sọ ìwé àfọwọ́kọ nù nítorí pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ọmọ yín tó mọ iṣẹ́ bá kúnlẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí òun yẹ ọjà wò, ẹ má fi ojú àna pa á lẹ́nu mọ́. Olóòótọ́ kì í bínú pé a yẹ ẹrù rẹ̀ wò, ẹni tó bá sì bínú ti sọ tẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni.