Ohùn Ilé Tó Ṣófo

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rí. Méjèèjì nà jáde láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, bàtà wà lẹ́sẹ̀ òsì, tọ̀tún wà lásán. Nígbà tó yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó rí ìyókù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, ó lẹ etí mọ́ sípíkà ńlá kan tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà ní pípadé. Ègé wáyà pupa kan há sí i létí bí ìgbà tí káfíńtà bá fi pẹ́ńsùlù síbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà rò pé ó ti kú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé ẹ wà láàyè?"

Ọkùnrin náà gbé ìka kan sókè láìlajú. "Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mo ń wá ibi tó ti ń dùn ún."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá ti kọjá lọ, torí sùúrù rẹ̀ kò gùn. Ṣùgbọ́n ó ti gbé kíbọọ̀dù rẹ̀ rìn la òpópónà mẹ́rin kọjá, inú táwẹ́ẹ̀lì ló wé e sí, èjìká sì ti ń ro ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò rí ẹni tó ń fetí sí nǹkan báyìí rí. Òun fúnra rẹ̀ nìkan ló mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní àárẹ̀ ni.

Nígbà tí ọkùnrin náà dìde, eruku ti kun ìdajì ojú rẹ̀. Kì í ṣe arẹwà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ sí i.

"Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí."

"Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó mọ̀." Ọmọbìnrin náà ń wo etí rẹ̀.

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan etí, ó bá wáyà pupa níbẹ̀, ojú sì tì í díẹ̀. "Kí ló ń ṣe kíbọọ̀dù yín?"

"Bí mo bá tẹ ọ̀kan, méjì ló ń dún."

"Ẹlòmíràn á ní èrè nìyẹn."

"Èmi kọ́ ni ẹlòmíràn. Ọ̀kan ni mo tẹ̀, ọ̀kan ni mo fẹ́ gbọ́."

Wáyà wò ó dáadáa. "Ó dáa, ọ̀gá mi," ó ní. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ọmọbìnrin náà máa ń dé ilé ìfọṣọ, ó sì máa ń ṣíwọ́ ní agogo kan ọ̀sán. Bó bá délé, yóò ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà àlòkù kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ṣe bó ṣe ń fi aṣọ ṣe níbi iṣẹ́. Ẹnìkan ò kọ́ ọ. Ó bà á jẹ́ títí ló fi mọ̀ ọ́n. Yóò mú ohùn kan láti inú kíbọọ̀dù, ohùn pẹlẹbẹ tí kò nítumọ̀. Asẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó dà bí asẹ́ ilé ìdáná, ó ń dá ohùn tó mú dúró, ó ń jẹ́ kí èyí tó wúwo kọjá. Bó bá sẹ́ ohùn náà tán, yóò mú kó ha díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lẹ́yìn náà ni yóò fi gbohùngbohùn sí i, bí ohùn ṣe ń ta padà lára ògiri. Ó lè mú kí ohùn kan náà dún bíi pé inú garawa ló wà, tàbí inú gbọ̀ngàn tó ń gba ẹgbẹ̀rún èèyàn.

Bàbá rẹ̀, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, kò rí gbọ̀ngàn kankan níbẹ̀. Ariwo ló gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ń kó ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ bọ̀ wálé lópin oṣù, wọn ò sì ní yàrá.

"Iṣẹ́ tí ẹnìkan ò bẹ̀ ọ́ ṣe, eré ni," ni bàbá wí. "Ọmọ ọwọ́ ò lè máa sùn ní pálọ̀ nítorí eré. Wà á kó àwọn ẹ̀rọ yẹn sí òkè àjà, wà á sì lọ bá àbúrò rẹ sùn."

"Bí ẹnìkan bá wá bẹ̀ mí ńkọ́?"

Bàbá ronú. Kì í ṣe ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Bó bá jẹ́ iṣẹ́, mi ò ní gbé ibi iṣẹ́ ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ á wá ilé gbà."

Ọmọbìnrin náà gba ọ̀rọ̀ yẹn mú. Obìnrin kan wà tó ń darí eré orí ìtàgé, ilé ìfọṣọ wọn ló ń kó aṣọ àwọn òṣèré rẹ̀ wá. Ọmọbìnrin náà lọ bá a nídìí káńtà, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Màámi, mo ń ṣe ohùn. Ẹ fún mi ní nǹkan ṣe."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Ní òpin eré rẹ̀ tuntun, ìyá kan jókòó nínú ilé tí gbogbo ọmọ ti lọ tán. "Mi ò fẹ́ orin. Ohùn ilé tó ṣófo ni mo fẹ́. Àwọn méjì mìíràn ti ń gbìyànjú ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni màá yan ọ̀kan."

Ẹ̀rọ kan tó ń mú aṣọ gbẹ wà níbi iṣẹ́ wọn, ó ti darúgbó. Bí aṣọ ò bá sí nínú rẹ̀, yóò máa kùn lábẹ́lẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà fi fóònù gba kíkùn yẹn sílẹ̀, ó sì kọ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí.

Ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tó fi ń bo etí nínú yàrá máa ń parọ́ fún un, kì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn tó wúwo dáadáa. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù Wáyà ló ń lọ láti gbọ́ ọ lórí sípíkà ńlá. Ìyẹn ni ìdí tó ń sọ fún màmá rẹ̀. Màmá ní òun ti gbọ́, ó sì bi í léèrè bóyá sípíkà náà ló mú kó máa pa ìpara kó tó lọ.

"Ọ̀gá mi, ẹ ti jẹun?" ni Wáyà máa ń bi í.

"Ṣé oúnjẹ lẹ̀ ń tún ṣe níbí ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa yín, kò sóhun tó máa dún dáadáa létí yín. Ẹ sì máa ní sípíkà mi ló bà jẹ́."

Wọn a jọ pín búrẹ́dì lórí tábìlì tó kún fún ìdè àti ìṣó. Ní ọjọ́ kan ọmọbìnrin náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀. "Ìgbà wo lẹ máa fi 'ẹ' yìí sílẹ̀? Ọjọ́ orí wa ò jura lọ."

"Ìgbà tí ọ̀gá bá pàṣẹ."

"Mo ti pàṣẹ."

"Ó dáa," ni Wáyà wí. Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀ kó tó lè sọ ọ́. "Ìwọ."

Ọmọbìnrin náà mú búrẹ́dì rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún Wáyà nínú fláàṣì kọ̀ǹpútà kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kó bá òun fi sípíkà ńlá gbọ́ ọ, kó sì sọ bó ṣe rí. Ibì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà wà nìyẹn, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kún dẹ́nu, ó sì ti pa kíkùn tó wà nínú fóònù rẹ́. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án, Wáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo ti bá ọ fọ̀ ọ́ mọ́," ó ní.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà jáde. Ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ìyá kankan.

"Níbo ni kíkùn yẹn wà?"

"Mo yọ ọ́. Mo rò pé wáyà burúkú kan ló fà á. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́rin."

"Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mo kó tuntun lé e lórí."

Ọdún mọ́kànlá ni Wáyà ti ń pa irú kíkùn bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé e wá fún un, wọ́n ń sanwó kó lè pa á. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ẹnìkan lè fẹ́ ẹ.

"Kíkùn yẹn ni ilé náà," ọmọbìnrin náà wí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Wáyà bó bá pariwo. "Àná ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn lọ fún àwọn tó ń ra irin. Wọ́n ti gé e."

Ó mú fláàṣì rẹ̀, ó sì jáde.

Ó gbìyànjú títí di alẹ́ ọjọ́ kejì láti fi kíbọọ̀dù ṣe òmíràn. Àkọ́kọ́ dún bí ẹṣinṣin nínú ìgò. Èkejì dún bí ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀kẹta kò jọ nǹkan kan. Ó pa á rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹrin. Màmá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn pé kó wá jẹun. Ó ní bí òun bá ṣe tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbọ́ ohùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán. Ta lò ń wá?" Bàbá rẹ̀ nìyẹn.

"Ọmọ yín obìnrin, sà. Mo wá bẹ̀ ẹ́. Mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́."

"Kí lo bà jẹ́?"

"Ariwo kan, sà."

"O ba ariwo jẹ́. Ṣé kì í ṣe pé o tún un ṣe nìyẹn?"

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn."

Nínú yàrá, ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Inú ṣì ń bí i, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ìbínú. Nígbà tí Wáyà dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin náà ti fajú ro.

"Mi ò wá sọ ọ̀rọ̀ dídùn," ni Wáyà wí.

"Ó dáa, torí mi ò ní etí ẹ̀."

"Kíkùn ẹ̀rọ kì í ṣe ohùn kan. Méjì ni, tí wọn ò bára mu tán. Wọ́n á máa fa ara wọn lọ, wọ́n á máa fa ara wọn bọ̀. Bí mo ṣe ń pa á nìyẹn, mo máa ń wá èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo lò ń fi ṣe é."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ ti àga kejì sí i.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, màmá sì ń kọjá lọ, ń kọjá bọ̀, bí ẹni pé gbogbo ohun tó ní wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin náà mú ohùn méjì tó wúwo jù, ó gbé ọ̀kan sókè díẹ̀, bí ìwọ̀n fọ́nrán irun kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà. "Ó yá jù," ni Wáyà wí. Ọmọbìnrin náà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó mú kó ha díẹ̀, ó pa asẹ́ dé títí ohùn tó mú fi tán, ó wá fi gbohùngbohùn kékeré sí i, ti yàrá tí àga ò pọ̀ nínú rẹ̀.

Wáyà na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó rí ojú ọmọbìnrin náà. Ó fa ọwọ́ padà, ó sì jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n má baà tún nǹkan kan ṣe.

Ọmọbìnrin náà wá dá kíkùn náà dúró láàárín, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, kó tó jẹ́ kó padà.

"Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni Wáyà wí.

"Mo mọ̀. Ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Wáyà fetí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀dà mẹ́rin ni wọ́n ṣe.

Bàbá ní òun máa tẹ̀ lé wọn dé gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ẹtì, òun ò ní gba àgbọ́sọ. Ó jókòó ní àga iwájú, ó ká apá. Àwọn méjì yòókù fi tiwọn hàn. Ọ̀kan dára. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ó dára. Òṣèré tó ń ṣe ìyá padà lọ jókòó lórí pèpéle, wọ́n sì tẹ ti ọmọbìnrin náà.

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bojú wo ẹ̀yìn. Ó wá tẹ̀ síwájú bá obìnrin olùdarí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ẹ̀rọ tó ń kùn yẹn, ká lè gbọ́ tọmọ mi."

"Tọmọ yín nìyẹn, bàbá."

Bàbá padà fẹ̀yìn ti àga. Ní àárín rẹ̀, kíkùn náà dáwọ́ dúró. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, ìyá orí pèpéle gbójú sókè bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wọlé. Kíkùn náà padà. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún.

Obìnrin olùdarí ò pè wọ́n jọ. Ó kàn wá bá ọmọbìnrin náà. "Tìẹ ni mo mú. Eré méjì mìíràn wà nílẹ̀, mo ń bẹ̀ ọ́ kó o bá mi ṣe wọ́n."

Bàbá ló ṣáájú wọn délé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá ilé gbà," ó ní, ó sì wọlé.

Ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wáyà ti fọ ojú, ó ti wọ bàtà méjèèjì. Ó yọ ìwé kan lápò. "Láti ọjọ́ tí oòrùn ojú rẹ ti..."

"Ta ló kọ ọ́ fún ọ?"

"Èmi ni."

"Pa á tì. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Wáyà ká ìwé náà. Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ ká jọ máa gbé. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Bí o bá lọ sílé, ṣọ́ọ̀bù yìí kì í rọ̀ mí lọ́rùn mọ́. Àmọ́ mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ jà gba yàrá rẹ, mi ò ní kó o fi í sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn rédíò tó ti kú kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Ó fi ojú wọn ògiri rẹ̀.

"Bí a bá kó ìdọ̀tí yìí kúrò, tá a sì kun ún, tábìlì mi máa wọ ibẹ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi lè mú tọ̀hún."

"Èyí tí o tìtorí ẹ̀ fẹ́ pa mí?"

"Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Nísinsìnyí, èmi ni mo fi tọrẹ. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà le, ó ní àpá iná níbi púpọ̀, ó sì gbà á mọ́ra. "Mo gbà, Wáyà. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kọ̀ǹpútà, Wáyà gbé tábìlì, màmá sì kó ìṣasùn àti ìmọ̀ràn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n padà wá gbé kíbọọ̀dù, bàbá ti gbé e sọ́wọ́ méjèèjì. Ó fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé e."

"Yàgò lọ́nà," ni bàbá wí. "Irinṣẹ́ ọmọ mi ni. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé sáré."