Omi Inú Ìgò Kúlúsúmù

"Kúlúsúmù, ṣé ìjọba fẹ́ wá mu omi wa ni?" Ìyá Àgbà béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọn ò ní mu ún, Ìyá Àgbà. Wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára omi tó tutù báyìí?"

Kúlúsúmù ju korobá sínú kànga, ó fà á sókè. Ó bu omi kànga sínú ìgò, ó sì dé e. Ọdún 1986 nìyẹn, ní Bẹyẹrúnká. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé, tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ nípa àyíká, ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bu omi kànga agbo ilé rẹ̀ wá, kí ó sì fi okùn wọn bí ṣálángá ṣe jìnnà sí i tó. Ìwé èsì wọn ni ìjọba yóò fi mọ kànga tí yóò tì àti agbo ilé tí yóò kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ̀rọ omi sí. "Ohun tí ẹ bá kọ ni wọn yóò fi ṣòfin," tíṣà wí fún wọn, "nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí."

Okùn náà ní kókó ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ní kò gbọdọ̀ dín ní ọgọ́rùn-ún, kí ìdọ̀tí ṣálángá má baà wọ inú omi. Kúlúsúmù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Méjìdínlógún péré ni.

Ó ká okùn náà, ó sì wo kànga. Ó ti rí i bí wolé-wolé ṣe ń fi ọ̀dà pupa kun ara kànga tí wọ́n bá tì. Bàbá ọkọ Ìyá Àgbà ló gbẹ́ kànga yìí. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ní ìyàwó, àtìgbà tó sì ti di ìyálé, òun ló ń fi í wẹ ẹsẹ̀ gbogbo ìyàwó tó ń wọ agbo ilé náà. Kò sí ohun tí ìyá arúgbó náà fi ń yangàn tó o. Báwo ni ọmọ tó tọ́ dàgbà yóò ṣe sọ fún un pé omi ìdọ̀tí ni?

Lọ́nà ilé ìwé, Kúlúsúmù da omi ìgò náà sí gọ́tà, ó sì bu omi ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ Mápó sí i. Ó kọ ọgọ́fà sínú ìwé rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, wolé-wolé dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó kí Ìyá Àgbà kú oríire. Ó ní omi wọn ló mọ́ jù ní gbogbo àdúgbò, nítorí náà ẹ̀rọ omi kò ní kàn wọ́n báyìí. Wọ́n máa ti kànga agbo ilé méjì tó wà nítòsí, ibí ni àwọn ará ibẹ̀ yóò sì ti máa pọnmi.

Inú Ìyá Àgbà dùn dé ẹ̀yìn. "Ẹ wá, ẹ máa pọn ọ́n!" ló ń pariwo fún tọmọdé tàgbà. "Ìwé tí ọmọ mi ń kà ló gbé wa ga!"

 Ojoojúmọ́ ni Kúlúsúmù ń rí korobá tó tò yí kànga ká, á sì sá gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Gàníyù láti ọ̀kan nínú agbo ilé méjì yẹn wá pọnmi. Ojú rẹ̀ wú.

"Ọsibítù la sùn," ó wí fún Ìyá Àgbà. "Gàníyù ń yàgbẹ́ kò dúró. Wọ́n ní ká máa fún un lómi dáadáa ni mo ṣe ní kí n wá pọn tiyín, èyí tó mọ́."

Kúlúsúmù sáré jáde, ó gbá korobá mú. "Ẹ má gbé e fún un! Ẹ jọ̀ọ́, mà! Omi yẹn ò dáa!" Ẹkún ló fi sọ ìyókù, gbogbo rẹ̀ pátá: okùn, ìgò àti omi ẹ̀rọ.

Ìyá Gàníyù ju korobá sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹ̀bá kànga. Ó yíjú sí Kúlúsúmù.

"Ṣé torí tèmi lo ṣe parọ́?"

"Torí tiyín ni, Ìyá Àgbà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kùn ún lọ́dà."

"O fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wo ọmọ ọlọ́mọ."

Ó dìde, ó bẹ Ìyá Gàníyù títí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ pákó bo kànga náà. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè, ó di ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì gba ilé ìwé lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀. Kò na Kúlúsúmù, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí yóò gbé ìwé èsì tuntun lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi. Ó dun Kúlúsúmù, kò sì ráhùn. Ó jókòó, ó kọ ọ́ bó ṣe rí: méjìdínlógún.

Ara Gàníyù yá. Kí ọdún náà tó parí, wolé-wolé kun kànga náà lọ́dà, ìjọba sì gbẹ́ ẹ̀rọ omi sójú ọ̀nà, tí agbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pọn. Nígbà tí ìyàwó tuntun dé, Ìyá Àgbà ṣí pákó, ó fa omi díẹ̀ jáde láti inú kànga ọlọ́dà pupa náà, ó sì fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kò ṣeé mu," ó wí, ó wo Kúlúsúmù, ó rẹ́rìn-ín, "ṣùgbọ́n ó ṣì ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ṣé o rí i pé o ò bá má parọ́?"

Kúlúsúmù kọ́ ìmọ̀ àyíká dé yunifásítì. Nígbà tó fi máa di 1996, ó ti wà lára àwọn tó ń kọ òfin omi ní Agodi. Bí ìwé èsì bá dé iwájú rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: "Ta ló bu omi yìí, níbo ló sì ti bù ú?" Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹ kọ òtítọ́, kódà bó bá máa ba ẹni tí ẹ fẹ́ràn nínú jẹ́, torí ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé, ẹnì kan ni yóò mu ún.