Eyín Adédèjì

Eyín rẹ̀ ni Ọpẹ́olúwa kọ́kọ́ rí. Awakọ̀ náà dúró ní gáréèjì Àkúrẹ́, ó ń jẹ obì, ó ń rẹ́rìn-ín, èérí sì ti le mọ́ ìdí eyín rẹ̀ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹ̀rín yẹn rín."

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni, arẹwà?"

"Mo fẹ́ fi yín ṣe ìdánwò ni."

Ó ṣàlàyé. Ní Oǹdó, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú ẹni tí yóò fọ eyín rẹ̀ wá síbi ìdánwò àṣekágbá, èérí sì gbọ́dọ̀ pọ̀ lẹ́nu onítọ̀hún. Ẹni tí kò bá rí èèyàn mú wá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní Isíkàn sì ti sọ pé bí ìlú ṣe le yìí, kò sí ọdún mìíràn.

Adédèjì gbà. Oṣù méjì ló fi ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Nígbà tí epo wọ́n débi pé ọkọ̀ dúró, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Arákàlé wá kí i nílé bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Ìyá Adédèjì ní Ìjàrẹ́ ló yarí nígbà tó gbọ́. "Ọwọ́ tó ń ki bọ ẹnu ẹlẹ́nu, ṣé òun náà ni yóò fi gúnyán fún mi?"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Adédèjì dé ilé ẹ̀kọ́ ní Oǹdó, ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ funfun báláú.

"Ẹ̀gbọ́n Dèjì, ta ló bá yín fọ̀ ọ́?"

"Mo lọ fọ̀ ọ́ lánàá. Mi ò fẹ́ kójú tì ọ́ níwájú àwọn olùkọ́ rẹ, Ọpẹ́ mi."

Ọpẹ́olúwa kò bínú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo irinṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Adédèjì rántí pé èérí yẹn gan-an ló nílò.

"Aago mélòó ló máa kàn ọ́?"

"Aago méjì."

Ó sáré wọ ọkọ̀. Aago méjì ku díẹ̀ ló padà dé. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ogójì ọdún obì lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Ọmọ mi ní òun ba iṣẹ́ rẹ jẹ́," ló wí. "Nílé wa, a kì í ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ká lọ sùn. Ibo ni kí n jókòó sí?"

Ọpẹ́olúwa kúnlẹ̀ kí i, ó fọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́. "Tó bá dùn yín, mọ́mì, ẹ na ọwọ́ sókè."

Wákàtí kan àtààbọ̀, ìyá náà kò na ọwọ́ sókè. Olùkọ́ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó mi orí pé ó dáa, ó kọ máàkì sílẹ̀. Ìyá fi ahọ́n tọ́ eyín rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè dígí. Ó pẹ́ tó ti ń wo ara rẹ̀ kó tó yíjú sọ́mọ rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó lè gúnyán fún mi. Ọjọ́ wo la máa lọ rí àwọn ará Isíkàn?"

Adédèjì ya ẹnu sílẹ̀.

"Pa ẹnu dé," ni ìyá rẹ̀ wí. "A ti rí i pé o fọ eyín."