Ọ̀dà Fèrèsé Lórí Rélùwéè

Lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni Heidrun ti kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe pé ó ń kí àgbà o! Ọkùnrin gàgàrà náà kàn na gbọọrọ sílẹ̀ láàárín ọjà rélùwéè ìṣeré tí wọ́n máa ń ná ní ìlú Göppingen ní Jámánì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó ń wo rélùwéè kékeré kan tó ń yí po lórí irin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ mí mọ́lẹ̀," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tiro. Mò ń gbọ́ ọ."

"Ẹsẹ̀ tiyín ló gba gbogbo ọ̀nà," Heidrun dá a lóhùn. "Àbí ẹ fẹ́ tà á mọ́ ọjà ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, eruku ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ansgar lorúkọ rẹ̀. Orí tábìlì ìdáná rẹ̀ ló ti ń tún rélùwéè àtijọ́ ṣe. Inú Heidrun dùn, ó sì yára tú aṣọ ìnura tó wà nínú báàgì rẹ̀. Rélùwéè bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó jí i gbé ni.

Nílé wọn, bíi ti gbogbo àdúgbò, rélùwéè kì í jáde àfi nígbà Kérésìmesì. Á máa yí ìdí igi Kérésìmesì po títí di ọjọ́ Àwọn Amòye Mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, lẹ́yìn náà ó di inú àpótí. Àmọ́ látìgbà tí Lore, ìyá Heidrun, ti kú, Eugen bàbá rẹ̀ kò gbé e jáde mọ́. Á kàn jókòó ti igi náà lásán. Heidrun ti búra pé ti ọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀.

"Ó gbọ́dọ̀ rìn," ó ní. "Kí ẹ sì bá mi bó ọ̀dà aláwọ̀ ewé orí òrùlé rẹ̀ yìí kúrò. Kò dáa lójú rárá."

Ansgar yẹ̀ ẹ́ wò. "Òótọ́ ni. Ẹni tó kùn ún ò mọṣẹ́. Ojúlówó ọ̀dà ṣì wà lábẹ́."

Bí Heidrun ṣe ń lọ sí ilé ìdáná Ansgar nìyẹn. Òun ló ń bá a di iná mú kó lè ríran ṣiṣẹ́. Ansgar ní ìwà kan: ohunkóhun tó bá yọ nínú ọkọ̀, ìbáà ṣe ìdọ̀tí, inú agolo kékeré ló ń kó o sí, á kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ sí i lára. Ó ní ohun tó bá tinú ọkọ̀ ẹni jáde, tẹni ni. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Olólùfẹ́ mi, sún iná yẹn mọ́bí."

"Ṣé ọkọ̀ lò ń wò, àbí ọwọ́ mi?"

"Ṣé ọkọ̀ níka tó rẹwà báyìí ni?"

Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì gbé rélùwéè náà lọ bá Eugen, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Bàbá gbà á, ó yí i wò.

"Ta ló bó ọ̀dà Lore?"

Eugen bá tú ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí oyún Heidrun wà nínú Lore ni ọkọ̀ náà já bọ́, tí òrùlé rẹ̀ ha. Lore bu ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun fèrèsé, ó fi rẹ́ ẹ lórí, tọkọtaya sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Heidrun ò gbọ́ ìtàn yìí rí.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀!" Eugen pariwo. "Ọmọkùnrin, jáde nílé mi! Heidrun, òun tàbí èmi, yan ọ̀kan."

"Mi ò yàn," Heidrun ní. "Èmi ni mo ní kó bó o, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, Bàbá, mo sì fẹ́ràn yín. Mi ò ní fi ọ̀kankan sílẹ̀."

Ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń se ẹ̀wà lẹ́ńtìlì àti sọ́séèjì fún bàbá rẹ̀. Bàbá á kẹ̀yìn sí i jẹun, Heidrun á fọ abọ́, á gba ilé Ansgar lọ.

"Ṣé o ò lè po irú ọ̀dà yẹn, kó o dá a padà?" ó bi Ansgar.

"Mo lè ṣe é kí bàbá rẹ má mọ̀. Irọ́ ni yóò jẹ́, Heidrun. Mi ò ní parọ́ fún wọn."

 Bí Heidrun ṣe gbójú sókè ló rí orúkọ bàbá rẹ̀ lára agolo kan lórí pẹpẹ. Ó ṣí i. Eruku àti òwú kápẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀, àti irun gígùn kan, pupa.

"Ibo lèyí ti wá?"

"Ó wé mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń he irun nílẹ̀."

Dúdú ni irun Heidrun, dúdú ni ti bàbá rẹ̀ kó tó hewú. Lore nìkan lonírun pupa nílé wọn. Heidrun fa ọwọ́ Ansgar. "Dìde. À ń lọ sílé."

Ọ̀la ni Kérésìmesì. Eugen ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ tì í padà, Heidrun fi ẹsẹ̀ dí i.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Ansgar ní, ó na agolo sí i. "Inú ọkọ̀ yín ló ti jáde. Tiyín ni."

Eugen fa irun náà yọ, ó ń gùn sí i bó ṣe ń fà á. Ó wé e mọ́ ìka, ó sì sunkún bí ọmọdé. "Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láti wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn tó ń tiro. Mo máa ń sọ fún un pé, 'Lore, yóò fà ọ́ nírun o!'"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó sì gbé ọ̀dà fèrèsé bọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Kò fi àwọ̀ mìíràn kun fèrèsé rẹ̀ rí. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí Heidrun.

"Ìwọ ni kó o kùn ún. Má sì jẹ́ kó dára o!"

Ansgar di ọkọ̀ náà mú fún un. Heidrun rẹ́ ọ̀dà lé ojúlówó òrùlé rẹ̀, gbàgàdà.

"Ó ń dùn ẹ́, àbí?" ó bi Ansgar.

"Ó ń pa mí kú lọ. Máa kùn ún."

Eugen rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ yìí, ó sì yíjú sí Ansgar. "Lọ́jọ́ iwájú, tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló ba ọkọ̀ yìí jẹ́, kí lo máa sọ?"

"Màá ní ìyàwó mi ni."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ Heidrun. "Ìyàwó ta?"

"Tèmi. Bí o bá gbà. Bí Bàbá bá gbà."

"Mo gbà," Heidrun ní. Bàbá rẹ̀ kàn mi orí, ó ti ń to irin yí ìdí igi ká.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí Heidrun fi tan án. Ọkọ̀ ta gìrì, ó gbéra. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin méjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lélẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣì ń tiro," ni Eugen ní.

"Ẹ jẹ́ kó máa tiro, Bàbá," ni Ansgar dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ náà ni Màmá ṣe mọ̀ ọ́n."