Etí Kóńgò Tó Dípẹtà

Ìrẹsì ń dà sílẹ̀. Kúbúrátù dáwọ́ dúró, ó wo kóńgò méjèèjì. Ti ìyá rẹ̀ àgbà, tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo nílé, ni ó ń da ìrẹsì inú rẹ̀ sínú èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń tajà ní Ọjà Akẹ̀sán. Ẹnu wọn fẹ̀ bákan náà, wọ́n sì ga bákan náà. Síbẹ̀ ti ọjà ti kún, ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sì kù nínú ti àtijọ́. Ó da ìrẹsì náà sínú agbada, ó sì dojú kóńgò ọjà dé. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Ọdún 1988 ni. Ilé-ẹ̀kọ́ Kúbúrátù ní Ọ̀yọ́ ti yàn án fún ìdíje kan tí yóò wáyé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ náà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlà hàn lórí ìwé bí iye owó ìrẹsì òkèèrè ṣe yí padà láti ọdún 1978, kí ó sì mú òṣùwọ̀n tí ó lò wá. Ẹni tí ó bá borí, wọn yóò san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún un. Ìyá Kúbúrátù kò lè san án. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de ìrẹsì òkèèrè, ọjà rẹ̀ kò kún mọ́.

Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Àkànjí, ti kọ́ wọn láti pín owó tí orílẹ̀-èdè ná lórí ìrẹsì sí iye tọ́ọ̀nù tí ó wọlé. Ó ní iye owó láìsí ìwọ̀n, ariwo ni. Kúbúrátù gba iye owó kóńgò kan lẹ́nu ìyá rẹ̀, ọdún sí ọdún. Ìlà rẹ̀ gòkè títí di ọdún 1984, ó wá sùn gbalaja fún ọdún mẹ́ta lórí naira mẹ́ta, nígbà tí gbogbo ohun mìíràn lọ́jà ń wọ́n sí i. Inú rẹ̀ ti dùn sí ìlà náà. Nísinsìnyí, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Ó gbé kóńgò náà lọ bá ìyá rẹ̀.

"Màmá, ta ló lu ìdí rẹ̀?"

"Gàfárù alágbẹ̀dẹ." Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Èènì ni a kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ìdí gòkè. Bí mo bá ní owó ti lé, oníbàárà á kọjá sọ́dọ̀ Safurat tí òun náà ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Má gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Òru mẹ́ta ni Kúbúrátù kò fi sùn dáadáa. Ní ọjọ́ Sátidé, kóńgò ìyá rẹ̀ àgbà ni ó gbé sínú àpò.

Alàgbà Samuel ni adájọ́ ìdíje náà. Ó ti fi ogún ọdún wọn kòkó kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó wo ìlà Kúbúrátù pẹ́, ó sì béèrè bóyá kóńgò tí ó wà níwájú òun yìí ni wọ́n fi tajà láti ọdún 1978. Kúbúrátù ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà fi àtàǹpàkò yí etí kóńgò náà ká. Ìpẹtà bá a lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, kóńgò tí a fi ń tajà kì í dípẹtà létí. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ ìyálọ́jà ń gbá a, tí etí rẹ̀ á fi máa dán. Èyí tí etí rẹ̀ ń dán dà?"

Kúbúrátù wo ilẹ̀. "Ó wà nílé, sà."

"Ìdí rẹ̀ ń kọ́?"

"Ìdí ti lọ kí orí," ọmọkùnrin kan sọ lẹ́yìn. Gbogbo iyàrá náà rẹ́rìn-ín.

Olúyẹmí, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó borí. Ó ti gbé kóńgò mẹ́rin láti ọjà lọ sórí ìwọ̀n, èyí tí wọ́n lù àti èyí tí wọn kò lù. Nígbà tí ó pín iye owó sí ìwọ̀n, ìlà tirẹ̀ kò sinmi rárá ní ọdún mẹ́ta náà. Ó ń gòkè ni.

Nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé wọn padà, Kúbúrátù ń ṣí àpò, ó ń pa á dé. Nígbà tí wọ́n kọjá odò Ọbà, Ọ̀gbẹ́ni Àkànjí yíjú sí i.

"O mọ̀ nípa kóńgò kejì kí a tó kúrò nílé?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kóńgò tí o fi pamọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Òun ni ì bá jẹ́ kí o borí."

Nígbà tí ó délé, Kúbúrátù ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ó tó bọ́ bàtà. Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ó dárúkọ òun níbẹ̀. Kúbúrátù ní rárá. Ìyá náà gbé kóńgò ọjà sábẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ Ajé, èyí tí ó dípẹtà ni ó gbé lọ sí Akẹ̀sán. Naira mẹ́rin ni ó pè é. Lẹ́yìn ilé-ìwé, Kúbúrátù dúró tì í, ó ń wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sọ́dọ̀ Safurat. Kò lè jókòó. Kò ṣe ìdánwò ní ọdún náà. Ọdún kejì ni ó tó ṣe é.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kúbúrátù kò rí ogún ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta ni tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe wọ́n tó, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì rí i pé ó ti tẹ̀, kí ó wí, àní bí ó bá jẹ́ ti ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Kúbúrátù fi máa wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, etí kóńgò àtijọ́ ti ń dán.