Lẹ́tà Bàbá Àgbà Lára Irin Rírọ̀

"Ìwọ ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí, ṣé ẹ̀rọ yẹn lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Yaneisy ọ̀rẹ́ mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ó ṣe ọjọ́ ìbí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀, èmi sì wà lára àwọn tí yóò jó níwájú àlejò. Wọ́n ti ń fi ijó náà dánra wò.

"Jọ̀ọ́, fún mi ní wákàtí méjì," ni mo bẹ̀ ẹ́.

"Wákàtí méjì kẹ̀? Dayana ti dúró síbẹ̀, àyè ẹ ló ń wò. Tó o bá pẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ, gbàgbé ẹ̀."

Evelio, bàbá àgbà mi, ti lọ tò sórí ìlà láti ra búrẹ́dì. Ní ìlú Cárdenas níbí, òun ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́ máa ń wá, nítorí ohun èlò ọkọ̀ wọn ò sí lọ́jà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Rigoberto, ọ̀kan nínú wọn, gbé iṣẹ́ wá. Irin kékeré tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ ọ̀pá tí ń yí i ti gbó, ó fẹ́ kí a gé tuntun. Kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá kán, ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa ké ni, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Ara sípíríìnì, irin líle abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, nìkan ni bàbá àgbà ti ń gé irú irin bẹ́ẹ̀. Bó bá gé e tán, yóò fi kan òkúta ìpọ́nrin tó ń yí, yóò wo ẹ̀ta iná tó ń fò jáde lára rẹ̀. Bí ẹ̀ta iná náà bá tú ká bí òdòdó, irin náà le. Bí ó bá kàn gùn gbọọrọ, irin rírọ̀ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa ń tẹ lẹ́tà E, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, sí i lára. Kí ó tó jáde, ó ti sọ fún mi pé, "Maylín, tó o bá gé e tán, dúró dè mí ká jọ wo iná ẹ̀."

Sípíríìnì le, kò ṣeé fi ìkánjú gé. Mo rí àjákù irin ìkọ́lé kan tó rọ̀ nílẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo ti gé e, mo ti ha á, mo sì ti tẹ E sí i.

Bí bàbá àgbà ṣe wọlé ló béèrè pé, "Ṣé o ti wo iná ẹ̀?"

"Mo ti wò ó. Ó tú ká dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún kan tí nǹkan funfun ti ń bo ojú rẹ̀. "Ojú ẹ ni ojú mi báyìí, ọmọ mi," ló wí, ó sì lọ fi irin náà sí ọkọ̀ Rigoberto. Èmi sáré lọ jó. Mo sì jó dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹfà, Dunia, ìyàwó Rigoberto, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà ilé ìwòsàn tí irin náà fi kán. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló gbé Dunia dé ibẹ̀. Kó tó débẹ̀, ọmọ ti kú sí i nínú.

Rigoberto gbé irin náà wá. Kò pariwo. "Bàbá Evelio, lẹ́tà yín ló wà lára ẹ̀. Ọmọ wa tó kú yẹn, obìnrin ni."

Bàbá àgbà tan òkúta, ó fi irin náà kàn án. "Maylín, báwo ni iná ẹ̀ ṣe rí?"

Mo rí i pé ó gùn gbọọrọ, mo sì yíjú kúrò. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ló pa òkúta.

"Má wo ọmọ yìí," ló sọ fún Rigoberto. "Èmi ni mo ṣe é. Ojú mi ló tàn mí. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Kò tan ẹ̀rọ ìgérin rẹ̀ mọ́. Àwọn tó máa ń kí i ní "Ọ̀gá!" bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá. Mo ń rí i lójoojúmọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo lọ bá Dunia nílé. "Èmi ni mo fi ìkánjú gé irin yẹn. Bàbá àgbà mi ò mọ nǹkan kan."

Ó wò mí títí. "Kí lò ń sáré lọ ṣe?"

"Ijó ni, mà."

"Ijó," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo délé, mo jẹ́wọ́ fún bàbá àgbà. Ó táràrà dé ìdí òkúta, ó tàn án, ó yọ ìlàjì irin náà lápò. "Fi kàn án. Báwo ni iná ẹ̀ ṣe rí?"

"Ó gùn gbọọrọ, bàbá àgbà. Kò tú ká."

"Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn."

Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mò ń lo ẹ̀rọ náà báyìí, mi ò sì tíì tẹ lẹ́tà kankan sára irin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ìkánjú ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé, bí wọ́n bá sì bi yín, ẹ sọ òtítọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí. Òtítọ́ àkọ́kọ́ ì bá gba ọmọ Dunia là. Èkejì ì bá gba orúkọ bàbá àgbà mi là.